Ẹ Tún Gìtá Yín Tò Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Ohunkóhun Lára Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ gìtá oníná tí wọ́n ń tà nítorí pé kò ṣe é ta, kò sí nǹkan kan tó bà jẹ́ lára rẹ̀. Okùn orí rẹ̀ ti gbó, ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, okùn sì ga débi pé ìka ń dun ẹni tó ń ta á. Ẹni tó ni ín á gbà pé gìtá olówó pọ́ọ́kú ló rà, á lọ wá pickup (ohun tó ń gba ohùn okùn) olówó gọbọi, á jó o mọ́ ọn, ìṣòro náà á sì wà níbẹ̀ digbí. Ìdí nìyẹn tí a fi tò ó báyìí: rírà, títò, kó tó wá kan pípààrọ̀. Ẹni tó bá fo títò, àbá ló ń dá pẹ̀lú gbogbo owó tó bá ná lẹ́yìn náà.

Kí ẹ tó sanwó

Bridge ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ìyẹn ibi tí okùn jókòó lé lára gìtá. Èyí tí kì í mì, bíi ti gìtá Telecaster tàbí Les Paul, ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń mi ohùn, bíi ti Stratocaster, àárín ìfà méjì ló wà: okùn ń fà á síwájú, sípíríǹgì tó wà lẹ́yìn ń fà á padà. Ẹ fa okùn kan le, àwọn yòókù á dẹ̀. Irú Floyd Rose tó ń ti okùn pa lókè àti nísàlẹ̀ tún le jùyẹn lọ. Bó bá jẹ́ gìtá àkọ́kọ́ yín nìyí, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Pickup ló kàn. Òòfà tí wọ́n yí wáyà tín-ín-rín mọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni, òun ló ń sọ ìgbọ̀n okùn di iná. Single-coil ní ìdì wáyà kan, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, àmọ́ ó máa ń kùn yùn-ùn bí oyin nítorí pé ó ń gba ariwo iná tó yí i ká. Humbucker, tí Seth Lover, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ gìtá Gibson, ṣe láàárín àwọn ọdún 1950, ní ìdì méjì tí wọ́n so lódìkejì ara wọn kí ariwo èkíní lè pa ti èkejì. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì lágbára jù. Kò sí èyí tó sàn ju ìkejì lọ. Ohùn tó wà létí yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Gígùn okùn náà ṣe pàtàkì. Láti nut, ìyẹn ègé egungun tàbí ike tó wà lókè ọrùn, dé bridge, ọ̀pọ̀ gìtá ilé iṣẹ́ Fender jẹ́ íńṣì 25.5, ìyẹn mìlímítà 648. Ti Gibson sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí íńṣì 24.75, mìlímítà 628. Bí okùn kan náà bá wà lórí méjèèjì, tí ohùn wọn sì dọ́gba, ti Gibson á rọ̀ lọ́wọ́ jù, á sì rọrùn láti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ mú wáyà gìtá kan, rúlà tó ní ìlà mìlímítà, tọ́ọ̀ṣì kékeré àti mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò dání. Ẹ gbé gìtá náà sókè, ẹ di ojú kan, kí ẹ wo ọrùn rẹ̀ láti orí lọ sísàlẹ̀ bí káfíńtà ṣe ń wo pákó. Bó bá tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀, kò burú, irin tó wà nínú ọrùn lè tọ́ ọ. Bó bá lọ́, tí etí kan ga tí èkejì sì rẹlẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Irin inú ọrùn yẹn ni wọ́n ń pè ní truss rod. Ẹ wo orí rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti jẹ, tàbí bí wọ́n bá ti fún un dé òpin tí ọrùn ṣì tẹ̀, gìtá náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ibi tí orí ti pàdé ọrùn. Gìtá tí orí rẹ̀ dagun sẹ́yìn máa ń ṣẹ́ níbẹ̀ bó bá ṣubú. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ọ̀dà lè jẹ́ ojú ibi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó lè gbé e fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn náà, ẹ ta ohùn kọ̀ọ̀kan lórí fret kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn. Okùn mẹ́fà, fret mọ́kànlélógún tàbí méjìlélógún: kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ibi tí ohùn bá ti kú, ẹ sàmì sí i. Bí okùn bá ti gbẹ́ kòtò jíjìn sórí fret àkọ́kọ́ sí ìkarùn-ún, àtúnṣe rẹ̀ lè wọ́n ju gìtá olówó kékeré lọ.

Ẹ wá so ó mọ́ amp, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde. Ẹ yí gbogbo kọ́ńtíróòlù rẹ̀, kí ẹ ti súìṣì sí ipò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mi ẹnu wáyà nínú ihò rẹ̀. Bí ó bá ń ta pàràpàrà, ìdọ̀tí ni. Oògùn àfínfọ́n tí wọ́n fi ń nu kọ́ńtíróòlù á mú un kúrò. Bí pickup kan ò bá dún, ẹ ṣí ohùn sókè pátápátá, kí ẹ fi mítà wọn ẹnu kejì wáyà gìtá. Single-coil sábà máa ń wà láàárín kílóòmù (òṣùwọ̀n ìdènà iná) 5 sí 8, humbucker láàárín 7 sí 9, èyí tó lágbára lè dé 16. Bí mítà bá sọ pé 250 tàbí 500 dípò bẹ́ẹ̀, kọ́ńtíróòlù ohùn nìkan lẹ ń wọ̀n: wáyà pickup yẹn ti já níbì kan.

Eruku, okùn tó dípẹtà, ọ̀dà tó họ àti kọ́ńtíróòlù tó ń pariwo, ohun tí ẹ fi ń na ọjà ni wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé yín.

Títò

Ètò iṣẹ́ yìí ò ṣe é dà rú, torí pé ohun tí ẹ bá fọwọ́ kàn á mú èyí tó kàn kúrò níbi tó wà. Okùn, ọrùn, gíga okùn, nut, ìbámu ohùn, kí ó tó wá kan gíga pickup.

Okùn tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i, ìwọ̀n tí ẹ ti pinnu láti máa lò. Bí wọ́n bá kọ 9–42 sára páálí, ó túmọ̀ sí pé okùn tó tín-ín-rín jù nípọn tó ìdá 9 nínú ẹgbẹ̀rún íńṣì, èyí tó nípọn jù sì jẹ́ ìdá 42. 10–46 le díẹ̀ jùyẹn lọ. Bí ẹ bá ti bọ́ sórí ìwọ̀n mìíràn, ìfà rẹ̀ á yàtọ̀, ẹ ó sì tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ yí okùn mọ́ òpó ní ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ìyí tuntun máa wá sábẹ́ èyí tó ṣáájú, kí ó má gun ara wọn. Ẹ fi ọwọ́ fa okùn kọ̀ọ̀kan sókè jẹ́jẹ́, ẹ tún ohùn rẹ̀ ṣe, ẹ tún fà á, títí tí ohùn ò fi ní wálẹ̀ mọ́. Ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní "gìtá yìí kì í di ohùn mú", okùn tí wọn ò fà ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọrùn ló kàn. Ẹ gbé gìtá náà bí ẹni tó fẹ́ ta á, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, torí ìwúwo rẹ̀ á tan yín jẹ. Ẹ tẹ okùn E tó nípọn jù mọ́ fret àkọ́kọ́, kí ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́ fret tó wà níbi tí ọrùn ti pàdé ara. Okùn náà ti di rúlà yín báyìí. Ẹ wo àárín rẹ̀, lórí fret keje tàbí ìkẹjọ: ó yẹ kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín irin àti okùn, mìlímítà 0.2 sí 0.3. Bébà funfun tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, ọ̀kan rẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 0.1, torí náà méjì tàbí mẹ́ta ló yẹ kó gba ibẹ̀ kọjá láì gbé okùn. Okùn tó ń gbọ̀n máa ń fẹ̀ jù ní àárín. Bí ọrùn bá tọ́ tààrà bí ọ̀pá, irin á gbá a.

Bí àlàfo bá pọ̀ jù, ẹ yí truss rod bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ẹ yí i lódìkejì. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún ohùn okùn ṣe, kí ẹ wọ̀n ọ́n padà. Igi kì í kánjú, bí ẹ bá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó lè tún sún díẹ̀. Bó bá le gbagidi, ẹ dẹ okùn kí ẹ tó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá ṣì le, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Irin yìí bá já nínú ọrùn, ọrùn tuntun lẹ ń wá yẹn. Allen key (kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà tí wọ́n fi ń yí i) tí kò bá ẹnu rẹ̀ mu rẹ́gí ló ń jẹ ẹ́, torí náà ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ dáadáa: ti íńṣì àti ti mìlímítà máa ń jọra lójú, wọn ò sì rí bákan náà.

Ẹ má fi truss rod sọ okùn kalẹ̀. Bridge ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ gbé rúlà sórí fret kejìlá, kí ẹ wọn àárín orí irin àti abẹ́ okùn. Mìlímítà 1.5 fún okùn tó tín-ín-rín jù àti 2 fún èyí tó nípọn jù dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í han zìì, kí ẹ wá gbé e sókè díẹ̀. Lára irú Fender, saddle kọ̀ọ̀kan (irin kékeré orí bridge tí okùn jókòó lé) ní síkúrù méjì, ẹ jẹ́ kí gíga wọn tẹ̀ lé bí ojú ọrùn ṣe ga díẹ̀ ní àárín. Lára irú Gibson, táyà kékeré méjì ni, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Híhan yẹn fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá tẹ́tí. Bí okùn bá ń han nígbà tí ẹ ò tẹ̀ ẹ́ nìkan, nut ti jìn jù. Bó bá jẹ́ láti fret àkọ́kọ́ dé ìkarùn-ún, ọrùn ti tọ́ jù, ẹ dẹ truss rod. Bó bá jẹ́ láti ìkejìlá lọ sísàlẹ̀, saddle ti rẹlẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, fret tó tẹ̀ lé e níhà bridge ló ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ gbé etí káàdì ìfowópamọ́ tó tọ́ sórí fret mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: bí ó bá ń mì jẹngẹjẹngẹ, èyí tó wà láàárín ni ọ̀daràn. Ẹ sì rántí pé híhan tí ẹ ń gbọ́ láìso gìtá mọ́ amp, tí ẹ ò sì gbọ́ nínú amp, kò ṣe yín ní nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbé okùn wọn ga láìnídìí torí rẹ̀.

Ẹ tẹ okùn mọ́ fret kẹta, kí ẹ wo orí fret àkọ́kọ́. Àlàfo bí irun orí ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, kọ́ọ̀dù F á máa dá yín lágara, àwọn ohùn tó wà nítòsí nut á sì máa ga ju bó ṣe yẹ. Fáìlì tí wọ́n ṣe fún nut, tó bá ìwọ̀n okùn mu, ni kí ẹ lò. Ẹ rin ín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dá okùn padà, ẹ wò ó. Ohun tí ẹ bá ti rin kúrò ò ṣe é dá padà, àfi kí ẹ fi gọ́ọ̀mù super glue àti sódà ìyẹ̀fun dí kòtò náà, kí ẹ sì gbẹ́ ẹ tuntun. Bí okùn bá ń ké tíń! nígbà tí ẹ ń fà á, inú nut ló ti há. Orí pẹ́ńsùlù tí ẹ bá fi kùn ún níbẹ̀ á jẹ́ kó máa yọ̀.

Ìbámu ohùn wá kàn. Ẹ fọwọ́ kan okùn fẹ́rẹ́ lórí fret kejìlá gan-an láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ ta á. Ohùn bí agogo á jáde. Ẹ wo ohun tí tuner, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn, sọ. Ẹ wá tẹ fret kejìlá, kí ẹ tún ta á. Bí ohùn tí ẹ tẹ̀ bá ga ju ti agogo lọ, okùn ti kúrú jù: ẹ ti saddle sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ ọrùn. Bó bá wálẹ̀, ẹ fà á sún mọ́ ọrùn. Ẹ tún ohùn okùn ṣe lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dán an wò. Okùn tó ti gbó ò ní bára mu láéláé, bí ẹ bá ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó ń fi gbogbo agbára tẹ okùn náà á máa rí ohùn tó ga. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Pickup ló gbẹ̀yìn, ọ̀fẹ́ sì ni àtúnṣe yìí. Ẹ tẹ okùn mọ́ fret tó kẹ́yìn, kí ẹ wọn àárín abẹ́ okùn àti orí pickup. Fún single-coil, mìlímítà 2.4 níhà okùn tó nípọn àti 2 níhà tó tín-ín-rín. Humbucker lè sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Bó bá sún mọ́ ọn jù, òòfà á máa fa okùn, ohùn á máa mì bí ẹni pé èèyàn méjì ń kọrin tí wọn ò bára mu, tuner ò sì ní dúró lójú kan. Ohùn tó ṣókùnkùn, tó wú bọ̀ǹbọ̀, sábà máa ń yọ bí ẹ bá sọ pickup ẹ̀gbẹ́ ọrùn kalẹ̀ mìlímítà kan péré. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó ra òmíràn.

Bó bá wá ku pípààrọ̀

Nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa pààrọ̀. Bí ẹ bá yí pickup, kọ́ńtíróòlù àti okùn padà lọ́jọ́ kan náà, ẹ ò ní mọ èwo ló tún ohùn ṣe, ẹ ò sì ní mọ èwo ló bà á jẹ́.

Kọ́ńtíróòlù 250k (k dúró fún kílóòmù) ni ti single-coil, 500k ni ti humbucker. Bí ẹ bá fi 500k sára single-coil, ohùn rẹ̀ á máa gún etí. 250k lára humbucker á mú un rẹ̀wẹ̀sì. Kàpásítọ̀ tó wà lára kọ́ńtíróòlù tone (èyí tó ń dín ohùn òkè kù) sábà máa ń jẹ́ 0.022 tàbí 0.047 máíkírófárádì, èyí tó bá tóbi jù ń gé ohùn òkè jù. Owó gọbọi tí wọ́n ń gbé lé kàpásítọ̀ àtijọ́ ò wú wa lórí. Kí ẹ tó ra kọ́ńtíróòlù, ẹ wọn ihò rẹ̀: ọ̀pá onííńṣì sábà máa ń fẹ́ ihò tó tó mìlímítà 9.5, ọ̀pọ̀ gìtá olówó kékeré sì jẹ́ 8 tàbí 7. Ẹ wo ẹnu ọ̀pá náà bóyá ó lè wọ bọ́tìnì tí ẹ ní.

Bí ohùn bá ń ṣókùnkùn nígbàkúùgbà tí ẹ bá yí kọ́ńtíróòlù ohùn sílẹ̀ díẹ̀, rẹ́sísítọ̀ 150k àti kàpásítọ̀ 0.001 máíkírófárádì tí ẹ so pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, láàárín ẹsẹ̀ tí pickup ń wọ̀ àti ẹsẹ̀ àárín, á dá ohùn òkè padà. Nínú gbogbo àtúnṣe tí kò tó nǹkan, èyí ni a gbà pé ó lérè jù.

Fún lẹ́ẹ̀dì jíjó: ẹ ya fọ́tò gbogbo wáyà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́ẹ̀dì oní-rosin ni kí ẹ lò, 60/40 (tánńganran 60, òjé 40), kì í ṣe èyí tí àwọn pọ́lọ́ḿbà ń lò. Ásíìdì inú rẹ̀ á jẹ wáyà. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 40 sókè, kó gbóná tó 350 sí 370 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ̀yìn kọ́ńtíróòlù ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà, torí pé irin rẹ̀ ń gba ooru. Ẹ fi sáńpépà họ ojú ibẹ̀, kí ẹ fi ẹnu áyọ́ọ̀nù gbígbòòrò lé e, kí ẹ ka ení dé ẹ̀ta, kí ẹ tó fi lẹ́ẹ̀dì kan irin náà, kì í ṣe áyọ́ọ̀nù. Lẹ́ẹ̀dì tó gbà á tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán. Èyí tí kò gbà á dúró roboto bí ìlẹ̀kẹ̀, á sì já ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá fi áyọ́ọ̀nù aláìlágbára tẹ̀ ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá, inú kọ́ńtíróòlù á jó kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó gbóná.

Ariwo lẹ́yìn iṣẹ́ náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Bó bá dínkù nígbà tí ẹ fọwọ́ kan okùn, ó tọ́. Bó bá pọ̀ sí i nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ ti so wáyà méjì ìdí jack (ihò tí wáyà gìtá ń wọ̀) lódì síra wọn. Bí kò bá yí padà rárá, wáyà tó so bridge mọ́ ilẹ̀ iná ti já tàbí kò kan irin. Bí pickup méjì bá dún pọ̀ tí ohùn wọn sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ohùn rédíò kékeré, ọ̀kan lòdì sí èkejì: ẹ pààrọ̀ wáyà méjèèjì ọ̀kan nínú wọn. Bó bá jẹ́ pickup tó ní ìbòrí irin, ẹ kọ́kọ́ tú ìbòrí náà kúrò lára wáyà ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní wáyà tirẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó gbé ohùn sórí ìbòrí.

Títa á

Amp kékeré, wáàtì 5 sí 20, ti tó ilé. Ẹ má ṣí ẹ̀yìn amp oníbọ́ọ̀bù, kódà bí ẹ bá ti yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀ lè tọ́jú iná tó lè pa èèyàn. Wáyà gìtá tó gùn jù ń jẹ ohùn òkè, mítà 3 sí 6 sì tó. Ọ̀pọ̀ pedal (àpótí kékeré tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn padà) ń fẹ́ vóltì 9 tí àárín ẹnu rẹ̀ jẹ́ òdì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó so ó, torí èyí tí kò ní ààbò lè jó lójú ẹsẹ̀.

Ẹ nu okùn lẹ́yìn títa. Òróró lẹ́mọ́ọ̀nù dára fún ojú ọrùn onígi rosewood àti ebony tí kò ní ọ̀dà, kò sí ìdí láti fi kan igi maple tí wọ́n kùn. Àwọn ìdúró tó ní rọ́bà máa ń jẹ irú ọ̀dà gìtá tí wọ́n ń pè ní nitrocellulose, ẹ fi aṣọ òwú wé e.

Ẹ kọ gbogbo ìwọ̀n yín sínú ìwé kan: àlàfo ọrùn, gíga okùn lórí fret kejìlá, gíga pickup. Bí ojú ọjọ́ bá yí padà tí gìtá tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í han, ẹ wọn àlàfo ọrùn kí ẹ tó bá saddle ṣeré. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo truss rod sábà máa ń dá a padà sí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé.